Kí Ọwọ́ Tó Kan Ọwọ́

Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá ká. Ó gùn, ó fẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Bó bá kan ilẹ̀, inú ẹ̀rọ ló ń padà sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin yàrá ìfọṣọ fi ń ṣiṣẹ́ ní méjì-méjì. Ọ̀kan á di etí ìhín mú, ọ̀kan á di etí ọ̀hún mú. Wọ́n á nà án, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á ṣẹ́ ẹ po, wọ́n á wá rìn pàdé ara wọn. Ọwọ́ á kan ọwọ́. Ọ̀kan á gba gbogbo rẹ̀, á gbé e lé tábìlì, wọ́n á mú òmíràn.

Inú iṣẹ́ yìí ni eré wọn ti jáde. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Fíìmù tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n fi ń ṣe é. Kì í ṣe ti sinimá o. Ta ló ráyè sinimá nínú wọn? Àwọn èyí tí wọ́n ṣe fún tẹlifíṣọ̀n nìkan ni, tí wọ́n gé sí apá mẹ́ta, apá mẹ́rin, tí wọ́n ń fi apá kan hàn lọ́sẹ̀ nígbà tí oúnjẹ alẹ́ bá ti kúrò nílẹ̀. Bí ẹni méjì bá ti na aṣọ tán, ẹni ìhín á béèrè ohun kan nínú fíìmù. Ẹni ọ̀hún gbọ́dọ̀ dáhùn kí ọwọ́ tó kan ọwọ́. Bí ọwọ́ bá kan ọwọ́ tí kò tíì dáhùn, òun ni yóò ru òkìtì aṣọ náà gòkè lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ orúnkún. Àwọn kan gbìyànjú láti máa rìn bí ìgbín kí wọ́n lè rí àyè ronú. Wọ́n ṣòfin fún ìyẹn náà: ẹni tó bá dúró ti kùnà.

"Obìnrin tó jí ọmọ gbé nínú ọkọ̀ ojú irin, kí ló mú lọ́wọ́?"

"Agboòrùn."

"Ọmọ rẹ lo kọ́kọ́ bi ní àárọ̀ yìí."

"Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Máa ká aṣọ rẹ."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ̀rọ á máa pariwo, ooru á máa mú, ọjọ́ á sì máa lọ.

Ẹnì kan wà láàárín wọn tí kì í sábà ru aṣọ gòkè. Ìyá Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè é. Orí rẹ̀ ti funfun bí aṣọ tó ń ká. Ọmọ rẹ̀ ni ẹnjiníà, òun ló ń bá ilé ìwòsàn tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe. Nígbà tí ọkọ màmá yìí kú, ọmọ náà lọ kó ìyá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ìyá ní òun kò lè jókòó kí òun máa ka pákó àjà. Ọmọ bá a wá iṣẹ́ sí yàrá ìfọṣọ. Láti ọjọ́ tó ti débẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ rẹ̀ gan-an.

Ẹnìkejì rẹ̀ nídìí aṣọ ni Àgùntáṣọọ́lò. Ó ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ga jù ú lọ. Ohun tó bá ti dé inú rẹ̀, ẹnu ló ń gbà jáde, kì í dúró gba àṣẹ. Ẹni tó kéré jù láàárín wọn ni Ìyàwó Dókítà. Dókítà kan ló kí i lẹ́ẹ̀kan lẹ́nu ọ̀nà pé ó kú àárọ̀. Ọjọ́ náà ni wọ́n gbé e níyàwó fún un. Dókítà kò mọ̀ títí di òní.

Ìbéèrè etí ni Ìyá Ẹnjiníà mọ̀. Ta ló sọ̀rọ̀ báyìí, orin wo ló kọ nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, ta ló wúkọ́ nínú òkùnkùn. Aṣọ kò ní tíì nà tán tí yóò ti dáhùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í nípa ohun tí ojú ń rí, bí àwọ̀ aṣọ, bí irú ọkọ̀ tí ẹnì kan wà, á ní, "Ojú mi kò ríran mọ́ bíi tàtijọ́." Á ru aṣọ rẹ̀, á gòkè, kò ní kùn.

Àgùntáṣọọ́lò máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Màmá, ojú yín ń yan ohun tó máa rí o. Ẹ̀jẹ̀ tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ lára aṣọ funfun, ẹ̀yin lẹ ń kọ́kọ́ rí i."

"Aṣọ wà nítòsí. Tẹlifíṣọ̀n jìnnà."

Ojú rẹ̀ kò ní nǹkan kan. Ó ti pẹ́ tó ti fi ojú rẹ̀ kan fíìmù ni. Ó ń gbọ́ ọ ni.

Yàrá tí ọmọ rẹ̀ fún un fara ti pálọ̀. Yàrá tó mọ́ ni, fèrèsé rẹ̀ ń gba atẹ́gùn, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dáa. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ burúkú sí i. Oúnjẹ rẹ̀ kì í pẹ́, kì í sì í tutù. Bí ẹnì kan bá ní kó wá rojọ́ ohun tí wọ́n fi ṣe é, kò ní rí ohun tó máa nàka sí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, pálọ̀ ni gbogbo wọn jọ ń jókòó sí, òun, ọmọ rẹ̀, ìyàwó àti àwọn ọmọ-ọmọ méjèèjì. Àmọ́ eré ibi iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára. Fíìmù kò ní tíì rìn jìnnà tí yóò ti máa dáhùn ohun tí kò sẹ́ni tó bi í. "Ọkùnrin yẹn ló mú un. Ẹ ò rí bó ṣe ń wo ilẹ̀?" Bó bá sì ti wí ló máa ń rí. Ní ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná. Màmá ní, "Obìnrin yìí kì í ṣe ìyá ọmọ yẹn. Ẹ máa rí i."

Ọmọ rẹ̀ ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká wò ó ná."

Kò pariwo. Kò tiẹ̀ yíjú wo ìyá rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Màmá ti bá wa wò ó tán."

Màmá ní òun fẹ́ lọ mú ìborùn. Ó dé yàrá, ó mú ìborùn, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń retí kí wọ́n pe òun. Kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ṣáà wí pé, "Màmá Àgbà, ó ti ń dùn o." Kò sẹ́ni tó pè é. Fíìmù parí, wọ́n pa iná. Nígbà tí ọjọ́ fíìmù tún pé, ó dúró sí yàrá kó lè mọ̀ bóyá wọ́n á pe òun. Wọn ò pè é. Kò pẹ́ tó fi di àṣà. Àwọn ará ilé rò pé ó fẹ́ràn kó máa tètè sùn. Ìyàwó á máa sọ fún àwọn ọmọ pé, "Ẹ rọra pariwo, Màmá ń sinmi."

Ẹni tí wọ́n lé á mọ ẹni tó máa bẹ̀. Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dìde ńkọ́? Ta ni yóò ní kó padà wá jókòó? Ó rò ó títí, kò rí i rò. Ilé ọmọ ẹni ni, kì í ṣe ilé ẹni.

Ògiri náà kò nípọn. Bó bá gbé ìrọ̀rí ti ògiri, tó fi orí lé e, gbogbo rẹ̀ ló ń gbọ́. Ó ń gbọ́ àwọn inú fíìmù, ó mọ̀ wọ́n nípa ohùn, ó mọ̀ wọ́n nípa ìrìn ẹsẹ̀. Ó tún ń gbọ́ àwọn tirẹ̀. Ó ń gbọ́ nígbà tí àwọn ọmọ bá ń jà sí ìrọ̀rí àga. Ó ń gbọ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá sùn lọ tó ń hanrun bíi bàbá rẹ̀. Ó gbà pé ìyẹn náà tó.

Kò jẹ́ sọ ọ́ níbi iṣẹ́. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á ní ọmọ rẹ̀ kò tọ́jú rẹ̀. Orúkọ ọmọ náà ni wọ́n sì fi ń pe òun náà. Bí wọ́n bá bà á jẹ́, kí ni wọ́n á wá máa pè é?

Fíìmù kan wá dé tí wọ́n ń pè ní Ilé-Ìtura Etíkun. Apá mẹ́rin ni. Bàbá arúgbó kan ló ni ilé-ìtura létí òkun, ó bí ọmọbìnrin mẹ́ta, oníkálukú wọn fẹ́ jogún ilé náà kí ẹ̀mí tó bọ́ lára bàbá. Àwọn obìnrin yàrá ìfọṣọ kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ mọ́ lẹ́yìn apá kẹta, ìbéèrè ti wà lẹ́nu kí aṣọ tó gbẹ.

Àgùntáṣọọ́lò ló kọ́kọ́ béèrè. "Èyí àbíkẹ́yìn tó gbé àpótí, ibo ló ní òun ń lọ?"

"Ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Irọ́ ló ń pa. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n."

"Etí yìí, ká tà á fún ìjọba."

Wọ́n mú aṣọ mìíràn. Ó kan Ìyá Ẹnjiníà láti béèrè. Ó ti ní ìbéèrè kan nílẹ̀ tó mọ̀ pé ó le, inú rẹ̀ sì ti ń dùn sí i láti ilé. Wọ́n na aṣọ. Ó ní, "Nígbà tí bàbá yí lulẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tí ẹ̀rín sọ, ta ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín?"

Àgùntáṣọọ́lò ti ń bọ̀. Ó dúró. "Ẹ̀rín?"

"O ti dúró. O ti kùnà."

"Màmá, bàbá yẹn kú. Ẹnì kan ló tì í, ọrùn rẹ̀ ṣẹ́. Ta ni yóò rẹ́rìn-ín?"

Ìyàwó Dókítà dá sí i láti ìdí tábìlì. "Èmi sunkún. Ọkọ mi ní kí n lọ bọ́jú."

"Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èyí tó wà nílé ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Ẹnjiníà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo gbọ́ wọn. Ohùn ọmọdé ni. Èyí àgbà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí èyí àbúrò tó gbà á lẹ́nu rẹ̀."

"Ọmọdé wo, Màmá?" ni Àgùntáṣọọ́lò wí. "Kò sí ọmọdé kankan nínú fíìmù yẹn láti apá kìíní."

Ibẹ̀ ló ti yé e. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Bàbá wọn ti sùn lọ lórí àga, wọ́n gbé nǹkan kan lé e lórí, ohun náà já bọ́, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìyá wọn lé wọn lọ sùn, ó pa tẹlifíṣọ̀n. Òun tó wà lẹ́yìn ògiri gbọ́ tí bàbá inú fíìmù ṣubú, ó gbọ́ ẹ̀rín, ó so méjèèjì pọ̀. Ó ti rò pé bàbá náà dìde, pé òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn sí i tó fi sùn lọ.

Etí aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ kan ilẹ̀.

Ìyàwó Dókítà ní, "Ó sùn lọ nídìí tẹlifíṣọ̀n ni. Ó máa ń ṣe ìyá mi náà." Ọ̀nà àbáyọ rèé, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ká ní Ìyá Ẹnjiníà gbà pé òun sùn, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ká aṣọ náà jọ, ó gbé e padà sínú ẹ̀rọ.

Nígbà ìsinmi, Àgùntáṣọọ́lò bá a lẹ́yìn ilé, níbi tí páìpù ti ń tú ooru jáde.

"Màmá, ẹ kì í wo fíìmù. Ẹ ń gbọ́ ọ ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Ibo lẹ máa ń wà?"

"Yàrá mi."

"Ṣé wọ́n lé yín ni?"

"Kò sẹ́ni tó lé mi. Èmi ni mo dìde."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ padà jókòó?"

Màmá ń wo páìpù. "Má bá mi sọ ọ́ níbì kankan. Ọmọ dáadáa ni. Ṣé o gbọ́? Ọmọ dáadáa ni."

"Mo gbọ́, Màmá."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbígbọ́ lọ́tọ̀, dídákẹ́ lọ́tọ̀.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ fi kọṣẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí ẹnjiníà. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ dé, ó kí gbogbo wọn níkọ̀ọ̀kan, ó béèrè ọmọ lọ́wọ́ ẹni tó bímọ. Ó kí ìyá rẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ rọra o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ pa yín." Inú ìyá rẹ̀ dùn. Ó fẹ́ kí wọ́n rí i bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà dùbúlẹ̀, ó yọ́ wọ abẹ́ ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù tó hàn. Sípánà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ìyá Ẹnjiníà àti Àgùntáṣọọ́lò na aṣọ. Ó kan Àgùntáṣọọ́lò láti béèrè. Ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ ló ń wò.

"Ìyá kan wà nínú fíìmù kan," ó ní, ó sì gbé ohùn sókè. "Ọmọ rẹ̀ ní tẹlifíṣọ̀n tó tó ilẹ̀kùn. Gbogbo ilé á jókòó sídìí rẹ̀. Ẹ̀yìn ògiri ni ìyá ti ń gbọ́ ọ. Kí lorúkọ fíìmù náà?"

Ìyá Ẹnjiníà wò ó. Ó fi ojú bẹ̀ ẹ́. Àgùntáṣọọ́lò ń rìn bọ̀. Ọwọ́ méjèèjì màmá wà lára aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Kò lè jù ú sílẹ̀, kò sì lè dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé e lọ bó ṣe ń gbé e lójoojúmọ́.

"Kò sí irú fíìmù bẹ́ẹ̀," ó ní.

"Ó wà. Ẹ tún un rò."

Ọwọ́ kan ọwọ́.

Sípánà ti dákẹ́. Ẹsẹ̀ abẹ́ ẹ̀rọ kò mì. Ẹnjiníà yọ jáde, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. "Kí lẹ wí, Mà?"

"Eré là ń ṣe, Ẹnjiníà. Màmá ni kò mọ ìdáhùn. Mo ní bóyá ẹ̀yin mọ̀ ọ́n."

Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ̀fẹ̀ ni. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Padà sídìí iṣẹ́ rẹ."

Ó gba òkìtì aṣọ mọ́ra. Òun ló kùnà, òun ló máa gòkè. Ó gun àtẹ̀gùn náà, kò sì fẹ́ kó tán.

Ọmọ náà dúró dè é títí iṣẹ́ fi parí, ó fi ọkọ̀ gbé e lọ sílé. Wọ́n rìn díẹ̀. Ó ní, "Màámi, ṣé òótọ́ ni?"

"Kí ni?"

"Ohun tí obìnrin yẹn sọ."

"Fíìmù ni."

Màmá fẹ́ kó tún béèrè. Ká ní ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, ì bá sọ fún un pé òun kò fẹ́ nǹkan kan, kí wọ́n ṣáà máa pe òun. Ọmọ náà di ọwọ́ ọkọ̀ mú, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń wo títì. Ó ti mọ ohun tó máa ṣe. Ẹni tó ń tún nǹkan ṣe kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọ̀la rẹ̀, ó gbé tẹlifíṣọ̀n tuntun wọlé. Ó lu ihò sára ògiri yàrá ìyá rẹ̀, ògiri tó fara ti pálọ̀, ó gbé e kọ́ síbẹ̀. Àwọn ọmọ ń fò sókè. Ìyàwó rẹ̀ ti nu gbogbo ilẹ̀, ó gbé àga tó rọ̀ síwájú rẹ̀. Inú obìnrin náà dùn tọkàntọkàn. Ọmọ fi rìmóòtù sí ìyá lọ́wọ́.

"Màámi, tiyín rèé. Kò sẹ́ni tó máa dí yín lọ́wọ́ mọ́. Ohun tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ máa wò, ẹ sì máa sọ̀rọ̀ sí i bó ṣe wù yín."

Kí ni ẹnì kan fẹ́ wí sí ìyẹn? Ó súre fún un. Ó súre fún ìyàwó. Ìrọ̀rí tó ti ń fi ti ògiri, ìyàwó ti gbé e padà sí orí bẹ́ẹ̀dì, ó sì tẹ́ aṣọ lé e.

Yàrá ìfọṣọ gbọ́. Àgùntáṣọọ́lò pàtẹ́wọ́. "Ẹ rí i? Ẹnu tí ẹ ní kó dákẹ́ ló ṣe é. Ẹnjiníà, ọmọ gidi."

"Ọmọ gidi ni," Ìyá Ẹnjiníà dáhùn.

"Inú yín kò dùn ni?"

"Ó dùn. Na aṣọ."

Ọjọ́ apá kẹrin pé. Wọ́n jẹun tán. Ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ bá a tan tẹlifíṣọ̀n, ó bá a wá ibi tó fẹ́, ó ní, "Ẹ gbádùn ẹ̀," ó jáde, ó sì fa ilẹ̀kùn dé kí ariwo pálọ̀ má bàa dí i lọ́wọ́.

Màmá jókòó. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta yọ. Kò mọ ọ̀kankan. Èyí àgbà tí ohùn rẹ̀ ki, tó ti rò pé yóò sanra, tín-ín-rín ni bí ìgbálẹ̀. Àbíkẹ́yìn ti ní ewú lórí. Àfi kó di ojú kó tó dá wọn mọ̀. Ó di ojú díẹ̀, ó là á.

Nígbà tó ṣe, ó fi rìmóòtù pa ohùn rẹ̀ lọ́lọ́. Ó dìde, ó sún mọ́ ògiri.

Pálọ̀ ń ṣe fíìmù kan náà. Ọmọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ó yá, ẹ dá a mọ̀. Ta ló ti bàbá? Ẹni tó bá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ló borí." Èyí àgbà nínú àwọn ọmọ ní ọ̀gá alásè ilé-ìtura ni. Àbúrò ní irọ́ ni, obìnrin tó ń wẹ̀ lókun ni. Ìyá wọn ń rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo wọn ò mọ̀ ọ́n. Màmá mọ̀ ọ́n. Ó ti mọ̀ ọ́n láti apá kejì. Ó wà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹsẹ̀ kan ń bọ̀. Ó yára padà sórí àga. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ kan ilẹ̀kùn, ó yọjú.

"Màmá, ṣé ó ti bàjẹ́ ni? A ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Dádì wọn ní kí n wá wò ó."

"Kò bàjẹ́."

"Ṣé kó wá bá yín tún un ṣe?"

"Rárá o. Mo ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ ni. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pariwo. Ẹ má dá wọn lóhùn." Ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Màmá rò pé yóò ní kí òun wá bá wọn jókòó. Ìyàwó wọlé, ó mú rìmóòtù, ó gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè títí ó fi kún yàrá. "Ẹ jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ dáadáa, Mà. Ara máa ń tù wá tí a bá ń gbọ́ ọ. Ọkàn Dádì wọn á balẹ̀ pé ẹ ń gbádùn."

Ó rẹ́rìn-ín sí i, ó fa ilẹ̀kùn dé.

Lójú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n mú ẹni tó ti bàbá. Ẹni tí Màmá ti rò ni. Ó wò ó bí wọ́n ṣe ń fà á jáde ní ilé-ìtura, tí òkun ń dún, tí orin ń dún. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò lè gbọ́ ẹni tó borí ní pálọ̀. Rìmóòtù wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó wo ilẹ̀kùn, ó sì mú ọwọ́ kúrò.